Àánú àti Èèwọ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹni tí Ọtí tàbí Sìgá Sọ Di Ẹrú



Bí a bá fẹ́ mọ èrò àwọn baba wa nípa ẹni tí ọtí bá borí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Ọbàtálá, Òrìṣà-ńlá, alábàláṣẹ, ẹni tí Olódùmarè gbé àpò ìwà lé lọ́wọ́ pé kí ó sọ̀kalẹ̀ wá dá ilẹ̀ ayé, ṣùgbọ́n tí ó mu ẹmu lójú ọ̀nà, tí ẹmu pa á, tí oorun gbé e lọ, tí Odùduwà fi gba àpò náà, tí ó da erùpẹ̀ inú rẹ̀ sórí omi, tí adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún sì tàn án kálẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn kan a máa fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín. N kò sí lára wọn. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó jọ mí lójú. Olódùmarè kò gba ipò òrìṣà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn ni ó gbé fún un, iṣẹ́ mímọ ara ọmọ ènìyàn, èyí tí ó ṣòro ju ti àkọ́kọ́ lọ bí ẹ bá bi mí. Ṣùgbọ́n ẹmu di èèwọ̀ fún òun àti àwọn ọlọ́òṣà rẹ̀ títí di òní olónìí. A kò lé e, a kò sì tún gbé agbè ẹmu ka iwájú rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni àwa ti ń ṣìnà. Bí ọkùnrin kan bá ń fi ògógóró ṣí ẹnu láàárọ̀, àwọn aládùúgbò á ní aláìnítìjú ni. Ìyá rẹ̀ á sì máa fún un lówó ní kọ̀rọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n. N kò ka ti ìyá yìí sí àánú. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ní “ìwọ sáà jáwọ́” kò tíì mọ bí ìdè náà ti yi tó. Èéfín sìgá tí a fà sínú, kì í tó ìdajì ìṣẹ́jú kí nikotíìnì rẹ̀ tó dé ọpọlọ, ọpọlọ tí ó bá sì ti mọ̀ ọ́n lára á máa bèèrè rẹ̀ bí ẹni ebi ń pa. Ti ọtí tún léwu jù: ẹni tí ó ti ń mu ún lámujù láti ọdún gbọọrọ, bí ó bá dáwọ́ dúró lójijì, gìrì lè mú un láàárín ọjọ́ méjì, kí ó máa rí ohun tí kò sí, kí ó tilẹ̀ bá a lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó ti ọmọ rẹ̀ mọ́ yàrá, tàbí tí ó fà á fún àwọn tí ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn ní orúkọ àdúrà, kí ó rántí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ó gbé e lọ.

Ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, dá ètò kan sílẹ̀ ní Aro nílùú náà fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé: abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká ni wọ́n ń gbé, pẹ̀lú ìbátan tí ń se oúnjẹ fún wọn, tí ó sì ń sìn wọ́n lọ gba ìtọ́jú. Kì í ṣe tìtorí ọ̀mùtí ni ó fi dá a, ṣùgbọ́n mo rí ìlànà nínú rẹ̀. Ìbátan ń sin aláìsàn dé ẹnu ọ̀nà. Kò lè bá a gbé oògùn mì. Àìsàn ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi orúkọ àìsàn sá fún ilé ìwòsàn, tí owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ń parí sí ìsọ̀ ẹlẹ́mu, ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò la ẹnu sọ pé apá òun kò ká a mọ́, òun ni yóò yí ọ̀nà ilé padà kí ó má baà gba iwájú ìsọ̀ náà kọjá. Bí ó bá sì tún ṣubú, bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, òun ni yóò padà wá wí i, kí àwa tó gbọ́ ọ lẹ́nu ará òde.

Ti àwa tí a ń ṣe ìnáwó kò pọ̀. Bí àlejò bá da ife rẹ̀ dojú délẹ̀ pé òun kò mu, ẹ má bi í léèrè ìdí, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kì í ṣe ọkùnrin. Ẹ gbé omi tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un, kí ẹ sì máa bá eré yín lọ.