Ta Ló Ń Pín Ọkàn? Ìtọrẹ Ẹ̀yà Ara Nínú Eré Oníṣègùn Orí Tẹlifíṣọ̀n

N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìtumọ̀. Bí kíndìnrín, ọkàn, ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró ẹnì kan bá daṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ohun tí à ń sọ nìyẹn. Ẹni tó fi tọrẹ lè wà láàyè, bó bá jẹ́ kíndìnrín tàbí apá kan ẹ̀dọ̀. Ó sì lè jẹ́ òkú, pàápàá ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti kú pátápátá, tó jẹ́ ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Eré oníṣègùn náà kò ṣàjèjì sí yín: ER, House, Grey's Anatomy àti àwọn àbúrò wọn. Ẹ ti wò wọ́n jù mí lọ. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo gbé wá kò ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ. Àwọn oníṣègùn máa ń bínú sí eré wọ̀nyí nítorí àṣìṣe inú yàrá iṣẹ́ abẹ: ẹni yìí ò wọ ìbọ̀wọ́ bó ṣe yẹ, ẹni tọ̀hún ti dìde jókòó lọ́jọ́ kejì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bínú. Èyí tó ń pa wá lára jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, ó wà nínú bí wọ́n ṣe ń hun ìtàn. Ìtàn kò lè rìn láìsí ẹni tí yóò pinnu nǹkan. Ìwé orúkọ àwọn tó ń dúró de ẹ̀yà ara kì í sunkún, kọ̀ǹpútà kì í nífẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni, ìgbìmọ̀ kì í sáré nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nítorí náà, òǹkọ̀wé eré á gba ẹ̀yà ara kúrò lọ́wọ́ ètò, á fi lé dókítà kan lọ́wọ́, á ní kó máa pín in bí ìfẹ́ àti ìgboyà rẹ̀ bá ṣe mọ. Ohun tí òfin ń pín á wá di ojúrere. Ẹni tó bá wo ojúrere yìí fún ogún ọdún á gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni tó bá mọ èèyàn ló ń rí ọkàn gbà, àti pé ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tirẹ̀ ni wọ́n ń yọ.

Báwo ló ṣe rí ní tòótọ́? Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ eré yìí ti wá, òfin ọdún 1984 ló dá ètò ìpín sílẹ̀, àjọ UNOS sì ni wọ́n gbé e fún ní 1986. Orúkọ tó wà nínú ìwé náà ju 100,000 lọ, ó sì ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún wọn lọ tó jẹ́ kíndìnrín ni wọ́n ń dúró dè. Bí ẹ̀yà ara kan bá yọjú, kọ̀ǹpútà á wo irú ẹ̀jẹ̀, bí ara ṣe tóbi tó, bí àìsàn ṣe le tó, bí ọ̀nà ṣe jìn tó, àti bó ti pẹ́ tó tí oníkálukú ti ń dúró. Dókítà tó sọ pé aláìsàn ti kú kò gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ nínú yíyọ ẹ̀yà ara rẹ̀. Nínú eré, ọwọ́ kan náà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ láàárín ìpolówó ọjà méjì. Ẹ ó sì rí i pé ọkàn ni eré fẹ́ràn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ á máa lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Kò sí òǹkọ̀wé tó lè fi ìyẹn dá wa dúró sórí àga. Ọkàn kì í lò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́, ìyẹn ni wọ́n fi ń sáré.

Ẹ jẹ́ kí n wá dúró lórí àpẹẹrẹ kan. Mo tọrọ sùúrù, nítorí n kò ní tètè kúrò níbẹ̀. Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2006, Grey's Anatomy parí abala rẹ̀ kejì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Denny Duquette. Ọkàn Denny ti bàjẹ́, ẹ̀rọ ló ń bá a ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara. Izzie Stevens, dókítà ọ̀dọ́ tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ti kó sínú ìfẹ́ rẹ̀. Ọkàn kan yọjú. Àmọ́ aláìsàn kan wà ní ilé ìwòsàn mìíràn tí orúkọ rẹ̀ fi ìṣẹ́jú àáyá 17 ṣáájú ti Denny wọnú ìwé. Izzie bá gé wáyà ẹ̀rọ tó gbé Denny ró, kí ara rẹ̀ lè burú dé ibi tí òfin á fi ní òun ló kàn. Ó rí ọkàn náà gbà fún un. Kò pẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà tí ẹ̀jẹ̀ dì, tó gba ọpọlọ lọ, Denny sì kú.

Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ òǹkọ̀wé. Kí ló dé tó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 17? Ká ní wọ́n sọ fún wa pé ẹnì kejì yẹn ti ń dúró láti ọdún tó kọjá, pé ọkàn náà bá ara rẹ̀ mu ju ti Denny lọ, kò sí ẹni tí ì bá dárí ji Izzie. Wọ́n mú ohun tí kò kan àìsàn rárá, wọ́n fi ṣe odi láàárín olólùfẹ́ méjì, òfin wá di òmùgọ̀ lójú wa. Lẹ́yìn náà, Denny ní orúkọ, ó ní ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu, ó ní ojú tó wuni. Ẹnì kejì kò ní ju ipò rẹ̀ nínú ìwé lọ. Omijé wa ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òtítọ́ tí wọ́n pò mọ́ ọn ló sì mú kó wọni lára: bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, orúkọ aláìsàn lè gòkè ní tòótọ́. Wọ́n ṣe ìwádìí. Irọ́ tó bá fi ẹsẹ̀ lélẹ̀ lórí òótọ́ nira láti tú.

Àwọn kan ti ń bá mi jà lórí èyí láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì mọ̀ pé wọ́n wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Wọ́n ní eré náà fìyà jẹ Izzie, ṣebí Denny kú. Mo ti dáhùn, n ó tún dáhùn. Ikú yẹn kì í ṣe ẹ̀san ohun tó ṣe. Eré náà pa á mọ́ra bí ẹni tí àjálù bá ni. Denny fi mílíọ̀nù dọ́là mẹ́jọ ó lé sílẹ̀ fún un. Nígbà tó yá, owó náà di ilé ìtọ́jú ọ̀fẹ́ nínú ilé ìwòsàn náà gan-an, Izzie sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó gé wáyà lára aláìsàn! Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọkàn kan ṣòfò. Ẹnì kan kú kí ọkàn yẹn tó wà, ẹbí kan fọwọ́ sí ìwé nínú ọ̀fọ̀, ẹlòmíràn ì bá sì ti gbà á kó wà láàyè. Ẹ sọ fún mi ibi tí eré náà ti ṣọ̀fọ̀ ìyẹn. House ti ṣe irú rẹ̀ ní 2005: ó fi ohun tó mọ̀ nípa aláìsàn rẹ̀ pamọ́ fún ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ẹni tó yẹ kí obìnrin náà lè rí ọkàn gbà, a sì pe ìyẹn ní ọgbọ́n.

Bóyá ẹnì kan á ní àsọdùn ni. Ó ṣẹlẹ̀ ní gidi. Ní 2012, ariwo ta ní Jámánì pé wọ́n ti yí àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn padà ní Göttingen àti láwọn ibòmíràn, kí ó lè dà bíi pé àìsàn wọn le ju bó ṣe rí lọ. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn kan ń fọ ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò fọ̀ ọ́, kí orúkọ wọn lè gòkè láàárín àwọn tó ń dúró de ẹ̀dọ̀. Wáyà Izzie nìyẹn, ìwé ni wọ́n fi gé e. Ṣé àwọn ará Jámánì pàtẹ́wọ́? Ní 2011, àwọn òkú tí wọ́n gba ẹ̀yà ara lára wọn níbẹ̀ jẹ́ 1,200. Ní 2013, 876. Ilé ẹjọ́ dá dókítà tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ní Göttingen sílẹ̀ ní 2015, síbẹ̀ iye náà wálẹ̀ dé 797 ní 2017. N kò ní ẹ̀sùn yẹn nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi omijé gbà nínú eré, a kò gbà á nígbà tó jẹ́ pé àwa la wà nínú ìwé.

Àwọn àgbà á rántí Oṣù Kejìlá ọdún 1967, nígbà tí rédíò kò ní ìròyìn mìíràn ju ti Cape Town lọ. Gbogbo wa mọ Christiaan Barnard, dókítà tó kọ́kọ́ fi ọkàn èèyàn kan rọ́pò ti ẹlòmíràn. Àwọn díẹ̀ mọ Louis Washkansky, tó fi ọjọ́ 18 lo ọkàn tuntun. Ta ló rántí Denise Darvall, ọ̀dọ́bìnrin tí ọkọ̀ gbá, tí bàbá rẹ̀ sì gbà pé kí wọ́n yọ ọkàn rẹ̀? Láti ọjọ́ kìíní ni olùtọrẹ ti ń pòórá nínú ìtàn náà. Tẹlifíṣọ̀n kàn bá a bẹ́ẹ̀ ni.

Àtakò kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní lítíréṣọ̀: eré lásán ni, òǹwòran kì í ṣe ọmọdé. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin tó wà lápá òsì yẹn. Ẹ̀yin gan-an lẹ ń kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣekágbá yín lọ́dọọdún láìwo ẹ̀rí kankan. Lóòótọ́, a mọ̀ pé Denny kò sí láyé. Ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ló ti wọ ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọkàn rí? Bí kò bá sí ẹlẹ́rìí mìíràn, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo náà la ó gbọ́. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 1980, ètò Panorama ti BBC béèrè bóyá àwọn tí wọ́n ń gba ẹ̀yà ara lára wọn ti kú lóòótọ́. Àwọn oníṣègùn fọhùn pé àwọn aláìsàn ará Amẹ́ríkà tí ètò náà fi hàn kò ní yege nínú àyẹ̀wò ikú ọpọlọ ti Ìlú Ọba. Síbẹ̀ ìtọrẹ wálẹ̀, ó sì ju ọdún kan lọ kó tó padà bọ̀ sípò. Ìyẹn kì í ṣe eré, mo gbà. Ó kàn fi hàn bí ìgbẹ́kẹ̀lé yìí ṣe fẹ́lẹ́ tó níwájú àwòrán ni. Ní ti eré gan-an, Susan Morgan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2009 lórí àwọn tó wo ìtàn ìtọrẹ nínú House, Grey's Anatomy, Numb3rs àti CSI: NY. Wọ́n rí i pé eré tó sọ oore ìtọrẹ ní gbangba, tó sì fi ọ̀nà rẹ̀ han èèyàn, máa ń mú kí àwọn kan pinnu láti tọrẹ. Bó bá lè fa èèyàn wọlé, ta ló ní kò lè lé e jáde?

Ìyẹn gbé mi dé àtakò tó lágbára jù: eré ti ṣe oore. Ó ti ṣe é. Ní Bràsíl, Laços de Família (2000 sí 2001) fi Camila hàn, ọ̀dọ́bìnrin tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, àwọn tó lọ forúkọ sílẹ̀ láti fi mùdùnmúdùn eegun tọrẹ sì pọ̀ sí i gan-an. Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀: kò sí ẹni tó gé wáyà níbẹ̀. Ìyá Camila lóyún ọmọ mìíràn kí ó lè rí ohun tí yóò fi wo ọmọ rẹ̀ sàn, ohun tí yóò ná olùtọrẹ sì wà lójú gbogbo ayé. Èyí fi hàn pé eré lè dùn láìjẹ́ pé ó sọ ètò di ọ̀tá.

Alága ti ń wo aago. Ọ̀rọ̀ ilé wa, ìdajì ohun tó yẹ kí n sọ ni n ó sọ. Wọ́n ti ń pààrọ̀ kíndìnrín ní Nàìjíríà láti ọdún 2000, ní St. Nicholas Hospital, Lagos. Alààyè ló sábà máa ń tọrẹ, òfin ìlera ọdún 2014 sì ka títà á léèwọ̀. Àwòrán mìíràn ti wà lójú òǹwòran tiwa kí Izzie tó dé: fíìmù oògùn owó, níbi tí ẹni tó bá yọ ẹ̀yà ara èèyàn ti jẹ́ apànìyàn. Bí méjèèjì bá pàdé, ìbẹ̀rù ló ń bí. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Ìlú Ọba ló kàn jù, nítorí aláwọ̀ dúdú máa ń dúró pẹ́ kí wọ́n tó rí kíndìnrín tó bá ara wọn mu; ní England, láti Oṣù Karùn-ún ọdún 2020, àgbàlagbà tó bá kú láìsọ pé òun kò fẹ́, òfin gbà pé ó fọwọ́ sí i, wọ́n á sì tún bá ẹbí sọ̀rọ̀.

Ó ku ti oògùn. Ẹni tó gba ẹ̀yà ara á máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀yà náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́, á sì máa ṣọ́ra fún àrùn nítorí pé oògùn náà ń dín agbára ìdáàbòbò ara kù. Nínú eré, aláìsàn á ti jáde nílé ìwòsàn, orin á ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń kọ eré Yorùbá wà níbí lónìí. Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi dá sí i nígbà ìbéèrè, pàápàá lórí bí wọ́n ṣe lè kọ ẹbí tó ń fọwọ́ sí ìwé ìtọrẹ láìfi babaláwo tàbí ọlọ́pàá sí ẹnu ọ̀nà.