Rọpárọsẹ̀ Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ọwọ́ àti Ẹsẹ̀ Nìkan

 

Bí a bá dárúkọ àrùn rọpárọsẹ̀, ohun tí ó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ọwọ́ tí kò ṣeé gbé, ẹsẹ̀ tí à ń wọ́ nílẹ̀ àti ẹnu tí ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nítorí náà, bí ẹni tí ó kọlù bá ti dìde tí ó ń rìn, a ó dúpẹ́, a ó sì ní ó ti parí. Ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ a tún máa ba ìríran jẹ́, a sì máa gba agbára láti dúró ṣinṣin. Ìyà méjì ni ẹni bẹ́ẹ̀ ń jẹ: ìyà àìsàn, àti ìyà ẹ̀sùn tí àwa ènìyàn fi ń kàn án. Ìyà kejì yìí ni mo fẹ́ kí a mú kúrò láàrin wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Rọpárọsẹ̀ máa ń wáyé nígbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ bá dí tàbí tí ó bá bẹ́. Ojú wa dà bí fèrèsé, ṣùgbọ́n apá ọpọlọ tí ó wà níbi ìpàkọ́ ni ó ń túmọ̀ ohun tí fèrèsé náà gbà wọlé. Apá ọ̀tún ọpọlọ ni ó ń rí ohun tí ó wà lápá òsì wa, apá òsì rẹ̀ ni ó sì ń rí ti ọ̀tún. Bí àìsàn bá ba ti ọ̀tún jẹ́ níbẹ̀, ojú méjèèjì kò ní rí apá òsì mọ́. Ẹyinjú kò fọ́, kò sì pọ́n, awò ojú kò sì lè dá ìríran náà padà.

Báyìí ni bàbá yóò ṣe jẹ ìdajì oúnjẹ inú abọ́, tí a ó ní ó ti ń ṣa oúnjẹ jù. Ẹ yí abọ́ náà padà, ẹ ó rí i pé yóò jẹ ìyókù. Báyìí ni màmá yóò ṣe kọjá lára yín ní ṣọ́ọ̀ṣì láìkí yín, tí ẹ ó ní ó ń gbéraga. Kò rí yín ni. Àwọn mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé iṣan tí ń yí ẹyinjú kò ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́, tí wọ́n ń rí ènìyàn kan bí méjì.

Ti ìdúró ńkọ́? Nínú etí wa lọ́hùn-ún, Ọlọ́run fi ihò tóóró mẹ́ta tí omi wà nínú wọn sí etí kọ̀ọ̀kan. Bí orí bá yí, omi náà a mì, ìròyìn a sì lọ sí ìdí ọpọlọ àti sí ọpọlọ kékeré tí ó wà lẹ́yìn. Níbẹ̀ ni a ti ń pa ìròyìn etí, ojú àti ẹsẹ̀ pọ̀ kí a má baà ṣubú. Bí rọpárọsẹ̀ bá kọlu ibẹ̀, ilé yóò máa yí lójú ẹni náà, yóò máa bì, yóò sì máa ta gbọ̀ngbọ́n bí ọ̀mùtí. Síbẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè lágbára. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ibà ni, tàbí pé ó mutí, tàbí pé ayé ni ó ń ṣe é. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún nínú rọpárọsẹ̀ tí iṣan dídí ń fà ni ó jẹ́ ti apá ẹ̀yìn ọpọlọ yìí.

Nítorí náà, bí òòyì bá ṣàdédé kọ́ ènìyàn tí kò lè dúró, tàbí tí ó ń rí nǹkan ní méjì, tàbí tí ìríran rẹ̀ dínkù lójijì, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí wákàtí tí ó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé láàrin wákàtí 4 àbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń lo oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì. Ẹ má ṣe rọ omi tàbí àdín sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má ṣe fún un ní aspirin kí wọ́n tó ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iṣan ni ó bẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà sí i. Ẹ gbàdúrà o, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni kí ẹ ti máa gbà á bí ẹ ti ń lọ.

Bí ó bá ti padà sílé, ẹ kọ́ ọ láti máa yí orí sí apá tí kò ríran. Ẹ fa ìlà pupa sí etí òsì ojú ìwé Bíbélì rẹ̀ bí ó bá jẹ́ òsì ni kò rí, kí ó lè mọ ibi tí ìlà ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó àpótí àti bàtà kúrò lọ́nà, ẹ tan iná lóru. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà títí dókítà yóò fi gbà á láàyè. Ẹ má sì jẹ́ kí ó máa fi gbogbo ọjọ́ sùn, nítorí ìdárayá tí àwọn onímọ̀ ìdárayá ilé ìwòsàn ń kọ́ni ni ó ń ran ọpọlọ lọ́wọ́ láti tún ìdúró kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òṣìṣẹ́ lábẹ́ yín, ẹ gbọ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Kí a tó sọ pé òṣìṣẹ́ wa di ọ̀lẹ, ẹ jẹ́ kí a bi í ní ohun tí ó ń rí. Léfítíkù orí 19 kìlọ̀ fún wa nípa ẹni tí ń gbé ohun ìkọ̀sẹ̀ síwájú afọ́jú. Ìjókòó tí a kó dí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ ohun ìkọ̀sẹ̀. Ẹ̀sùn èké náà sì jẹ́ ọ̀kan.

Ẹ rántí àwọn mẹ́rin inú Máàkù orí 2. Wọn kò bi ẹlẹ́gbà náà ní ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹ̀. Wọ́n gbé e, wọ́n sì dá òrùlé lu. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lọ sí ilé ẹnì kan tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù rí. Ẹ dúró sí apá tí ó ti lè rí yín, ẹ dárúkọ ara yín, kí ẹ sì bi í pé, "Kí ni ẹ ò rí dáadáa mọ́?" Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Kí Olúwa fún wa ní ojú àánú. Àmín.