Kí Ìpìlẹ̀ Tó Wọlẹ̀: Ètò Ilé Ìkówèésí fún Ìlú Kékeré

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba níbi ayẹyẹ ìkówójọ fún kíkọ́ ilé ìkówèésí ìlú

 

Nígbà tí kómítì ìkọ́lé ìlú yìí kọ̀wé pè mí, wọ́n fi àwòrán ilé tí wọ́n ní lọ́kàn ránṣẹ́. Òpó mẹ́fà wà níwájú, òrùlé rìbìtì wà láàárín, orúkọ àwọn tí yóò ṣí ilé náà sì ti wà lára ògiri. Mo wá iye òṣìṣẹ́ tí yóò wà níbẹ̀ àti ibi tí owó oṣù wọn yóò ti máa wá, n kò rí i. Ọ̀rọ̀ mi lónìí kò ju ìyẹn lọ: ẹ ṣètò owó ọdọọdún kí ẹ tó ṣètò ilé, kí ẹ sì ti inú ilé náà yàwòrán rẹ̀ bọ̀ síta.

Ìtumọ̀ ní ṣókí

Ilé ìkówèésí ìlú ni ibi tí ọmọdé àti àgbà, olówó àti mẹ̀kúnnù, lè wọ̀ láti kàwé, láti yá ìwé, láti béèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n sì rí ìdáhùn. UNESCO ti kéde èyí láti 1949. Wọ́n tún ìkéde náà ṣe ní 1972, ní 1994 àti ní 2022. Ìlú kékeré ni ìlú tí owó rẹ̀ kò tó láti kọ́lé lẹ́ẹ̀mejì. Ètò ni gbogbo ohun tí a bá pinnu kí bíríkìlà tó dé. Ẹ ti mọ gbogbo ìwọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ síwájú.

Àdéhùn Carnegie àti ìwé pélébé Bertram

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi rí mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ ilé ìkówèésí kí n má dárúkọ Andrew Carnegie. Ẹ fara dà á fún mi lónìí náà. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀ ní Dunfermline, ní Scotland. Ọwọ́ ló fi ń hunṣọ kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1848, ebi lé wọn dé Allegheny ní Pennsylvania. Níbẹ̀, ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ James Anderson máa ń ṣí ìwé inú ilé rẹ̀, tí ó tó nǹkan bí 400, sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Carnegie wà lára àwọn ọmọ náà. Nígbà tí iṣẹ́ irin sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìkówèésí fún ìlú. Dunfermline ni àkọ́kọ́, wọ́n ṣí i ní 1883. Nígbà tí yóò fi di 1929, owó rẹ̀ ti kọ́ 2,509 káàkiri ayé: 1,689 ní Amẹ́ríkà, 660 ní Bìrìtéènì àti Ireland.

Iye ilé yẹn ni gbogbo ènìyàn máa ń rántí. Àdéhùn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin rántí. Ìlú ni yóò fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú ni yóò sì dìbò pé lọ́dọọdún, láti inú owó orí, àwọn yóò máa ná ìdá mẹ́wàá iye tí ilé náà jẹ lórí títọ́jú rẹ̀. Ìlú kékeré ní Amẹ́ríkà sábà máa ń gba 10,000 dọ́là. Ó ní láti ṣèlérí 1,000 dọ́là lọ́dọọdún. Ìlú tí kò bá lè ṣèlérí bẹ́ẹ̀, kò rí kọ́bọ̀ gbà.

Akọ̀wé Carnegie, James Bertram, ni gbogbo lẹ́tà ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ó máa ń béèrè iye ènìyàn tó wà ní ìlú, irú ilé ìkówèésí tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀, àti iye tí wọ́n lè san. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó rí i pé owó ń ṣòfò sórí òpó, sórí òrùlé rìbìtì, sórí ibi ìdáná tí a fi ń yáná, tí ibi tí a ó to ìwé sí kò sì tó. Ní 1911, ó tẹ ìwé pélébé kan tó fi ń ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú. Ohun tó wí níbẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: kí ilé ní igun mẹ́rin gbọọrọ, kí ó jẹ́ alájà kan pẹ̀lú yàrá ìsàlẹ̀, kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ má gba àyè púpọ̀, kí inú rẹ̀ jẹ́ yàrá ńlá kan tí a fi àpótí ìwé pín, kí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo lè jókòó sójú kan kí ó máa rí gbogbo ilé. Àwòrán tó bá yàtọ̀ sí èyí, ó ń dá a padà.

Àwọn ayàwòrán ilé kò fẹ́ràn Bertram nígbà náà, wọn kò sì fẹ́ràn rẹ̀ di òní. Láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú ni mo ti ń bá wọn jiyàn. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú wọn, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún, sọ pé akọ̀wé tí kò mọ ẹwà ni Bertram. Ó ní ìlú kékeré gan-an ló nílò ilé àwòyanu, pé bí ọmọ bá rí ilé ńlá, yóò fẹ́ wọ inú rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, yóò wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó bá bá nínú ilé ni yóò mú un padà wá lọ́jọ́ kejì. Ó ní ṣé n kò rí òpó Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn ni, tó ti dúró lórí òkè láti 1929? Mo ní mo rí i, ó sì wù mí. Gbọ̀ngàn ni Mápó. Ayẹyẹ ni à ń bá lọ síbẹ̀, a kì í jókòó síbẹ̀ ka ìwé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó ní agídí mi ti pọ̀ jù. Mo ní owó ìlú ni kò pọ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn gba ibòmíràn yọ sí mi. Wọ́n ní owó Carnegie kò mọ́, wọ́n sì ń tọ́ka sí ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Homestead ní 1892, níbi tí ẹ̀mí ti ṣòfò. Òótọ́ ni, n kò bá wọn jiyàn lórí rẹ̀. Bí a bá kọ owó rẹ̀, ìdá mẹ́wàá náà kò bá a lọ. Ìlú tó fi owó ara rẹ̀ kọ́lé nílò òfin náà ju ẹni tí a fi ilé ta lọ́rẹ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Àjọ tí Carnegie dá sílẹ̀ rán onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan, Alvin Johnson, kí ó lọ wo àwọn ilé náà. Nínú ìròyìn rẹ̀ ní 1916, ó ní ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni òṣìṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́, kì í ṣe ilé. Ní 1917, wọn kò gba ìbéèrè ilé tuntun mọ́. Àwọn tó kọ́ ilé ìkówèésí ju ẹnikẹ́ni lọ ló fi ẹnu ara wọn sọ pé ilé nìkan kò tó.

Ilé tiwa ńkọ́?

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni mo ń sọ, ẹ jẹ́ kí a wá sílé. Ní 1953, Ìbàdàn ni UNESCO pe àpérò sí lórí ilé ìkówèésí gbogbogbò ní Áfíríkà. Ní ìlà oòrùn Nàìjíríà, wọ́n ṣe òfin ní 1955, wọ́n dá ìgbìmọ̀ tó ní agbára tirẹ̀ sílẹ̀, Kalu Okorie di olórí iṣẹ́ náà, wọ́n sì ṣí ilé ìkówèésí Enugu ní 1959. Àwa ní ìwọ̀ oòrùn ńkọ́? Àwa tí a dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1955 kan náà, abẹ́ mínísírì ètò ẹ̀kọ́ ni a ti tiwa sí, láìṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. A kọ́ ọmọ láti kàwé, a kò wá ibi tí yóò ti máa rí ìwé kà bó bá kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Ó ń dùn mí, mo sì ń sọ ọ́ níbi gbogbo.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tí ìkọ́lé láìní ètò owó tó dájú lè fà, ẹ bojú wo Àbújá. Ní 2006 ni wọ́n gbé iṣẹ́ ilé ńlá Ilé Ìkówèésí Ìjọba Àpapọ̀ jáde, pé oṣù 22 ni yóò gbà. Nígbà tí ọdún 15 fi kọjá lẹ́yìn náà, wọn kò tíì parí rẹ̀. Bí ìjọba tó ní epo rọ̀bì bá lè há báyìí, kí ni ẹgbẹ́ ìlú tó ń dá owó lọ́dún Àjíǹde ń sáré sí?

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò tiyín. Ká ní mílíọ̀nù 100 náírà ni ilé yín yóò jẹ. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 10 lọ́dọọdún. Owó oṣù olùtọ́jú ìwé kan tó kọ́ṣẹ́ àti igbákejì rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ti ọdẹ òru àti ẹni tó ń gbálẹ̀ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìròyìn, ìwé tuntun, bátìrì sólà àti àtúnṣe páànù. Ẹni tó ra ọkọ̀ láìro owó epo, iwájú ilé ni yóò máa wò ó.

Oòrùn, òjò àti ikán

Ohun tí mo kọ́ nípa ilé ní ilẹ̀ olóoru, inú ilé ìkówèésí Yunifásítì Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ. Maxwell Fry àti Jane Drew ló yàwòrán rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 1954. Kenneth Dike ni à ń pè é báyìí. Ògiri kọnkéré oníhò tó bo ara rẹ̀ ń dí oòrùn, ó sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, iná lè lọ lọ́sàn-án kí a má tètè mọ̀. Lónìí, àwọn ọmọ mi tí mo kọ́ ń fi gíláàsì yí ilé ìkówèésí po, wọ́n ní ẹ̀rọ amúlétutù yóò bójú tó ìyókù. Iná wo ni yóò gbé e? Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ayàwòrán ilé, ẹ tún èyí rò.

Ẹ kọjú ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé sí àríwá àti gúúsù, kí etí rẹ̀ tó kúrú kojú ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, nítorí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló ń jó ìwé. Ẹ má jẹ́ kí ilé fẹ̀ jù, kí atẹ́gùn lè gba fèrèsé kan wọlé kí ó gba èkejì jáde. Níbí ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn Bertram: ó fẹ́ kí fèrèsé ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí méje kúrò nílẹ̀, kí àpótí ìwé lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, ara ẹni tó jókòó ni atẹ́gùn gbọ́dọ̀ kàn.

Ẹ má kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òfin ìkọ́lé Amẹ́ríkà ń ṣírò 40 pounds lórí ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó fún ilé gbígbé, ṣùgbọ́n 150 pounds ni fún ibi tí a to ìwé sí. Ìwé wúwo. Ilẹ̀ ni kí ó gbé e.

Ẹ pa ikán inú ilẹ̀ kí ẹ tó da kọnkéré. Ẹ fa òrùlé jáde dáadáa kọjá ògiri. Ẹ má fi àpótí ìwé lẹ́ ògiri tímọ́tímọ́, nítorí ọ̀rinrin.

Ìyókù ọ̀rọ̀

Alága ti fi ìwé kékeré ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò sì kún agbọ̀n. Nípa àwọn ọmọdé: ẹ fún wọn ní igun tiwọn, pẹ̀lú àga tó mọ níwọ̀n wọn. Nípa arúgbó àti aláàbọ̀ ara: kí ọ̀nà dídagẹ̀rẹ̀ wà, kí àtẹ̀gùn má jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó sọ pé fóònù ti gba ipò ìwé, kí wọ́n wá béèrè iye owó dátà lọ́wọ́ ọmọ tó ń múra ìdánwò JAMB. Ibi tó ti lè rí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ni ilé yìí yóò jẹ́ fún un. Ìwé Yorùbá: kí ó wà níwájú, kì í ṣe lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé fún àwọn tí yóò tún un kọ́ kún.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Kí ìpàdé ìlú tó fọwọ́ sí àwòrán kankan, ẹ kọ́kọ́ dìbò lórí owó ọdọọdún, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, kí Kábíyèsí, alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú àti akápò fọwọ́ sí i. Bí owó kò bá tíì tó, ẹ gba yàrá méjì ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ gba olùtọ́jú ìwé kan síṣẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ìkọ́lé dúró ná. Ìlú tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ní ilé ìkówèésí, bí wọn kò tilẹ̀ tíì to búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì.