Ìtọ́jú Alùpùpù Tí Ó Ti Pẹ́

Alùpùpù ni ó ń gbé iṣu láti oko wá sí ọjà Ìsánlú. Òun náà ni a sì máa ń fi gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá kú sójú ọ̀nà, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Ní ọdún 1976 ni ilé-iṣẹ́ Honda ti ilẹ̀ Jàpáànù gbé CG125 jáde. Wọ́n ṣe é kí ó lè fara da eruku àti àìtọ́jú. Síbẹ̀, ìfaradà ní ìwọ̀n.

Kí olówó rẹ̀ máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní àsìkò. Kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀, kí ìdọ̀tí lè bá ọ́ìlì ṣàn jáde. Kí ó gbà á sínú agolo, kí ó má dà á sétí odò. Nígbà ọyẹ́, kí ó máa gbọn eruku kúrò lára asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí ó bá fi ìka ti ṣéènì, tí ó mì ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, kí ó fà á le díẹ̀, kí ó má le jù. Lẹ́yìn náà, kí ó yẹ bíréèkì ẹ̀yìn wò, nítorí fífa ṣéènì a máa yí i padà.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.