Oògùn, Oyún àti Kíkà Tí Kò Gbọdọ̀ Dáwọ́ Dúró

Mi ò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀. Àkójọ ńlá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ìwé ìbí, ìwé oògùn àti ìwé ilé ìwòsàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyá, tí a so pọ̀ kí a lè rí ohun tí dókítà kan kò lè dá rí. Ẹ mọ ìyẹn. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ oògùn thalidomide náà, tí wọ́n tà ní Jámánì láti 1957 títí di 1961, tó ba ara àwọn ọmọ tó lé ní 10,000 jẹ́ káàkiri ayé nígbà tí ìyá wọn lò ó nínú oyún. Lẹ́yìn àjálù yẹn, ní 1967, Norway bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ìbí orílẹ̀-èdè wọn sílẹ̀. Sweden tẹ̀ lé e ní 1973.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan wà tí a ti jọ ń jiyàn lórí oògùn tí aboyún ń lò láti ìgbà tí irun orí wa ṣì dúdú. Wọ́n ní aboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kan oògùn tí kò tíì dájú. Ta ni yóò wá mú un dájú? Àwọn tó ń dán oògùn tuntun wò kì í sábà gba aboyún. Bí a kò bá ka àwọn tó ti lò ó, a ò ní mọ̀ láé, aboyún tó ní wárápá tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì lè dúró dè wá.

Botswana ni ẹ̀rí mi. Láti 2014, nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Tsepamo, àwọn agbẹ̀bí ilé ìwòsàn ìjọba ń yẹ ara ọmọ wò ní kété tí wọ́n bá bí i, ìbáà jẹ́ ààyè tàbí òkú. Oògùn tí ìyá lò, inú káàdì oyún rẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un.

Ní 2018, nínú ọmọ 426 tí ìyá wọn ti ń lo dolutegravir, oògùn HIV, kí wọ́n tó lóyún, 4 ní àbùkù ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn: 0.94 nínú 100. Láàárín àwọn tí ìyá wọn lo oògùn HIV mìíràn, 14 ni nínú 11,300, ìyẹn 0.12. Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀, ó sì tọ́ kí wọ́n kìlọ̀. Ohun tí kò tọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ ìkìlọ̀ di ìdájọ́. Níbi púpọ̀ nígbà náà, ọkùnrin ń gba dolutegravir, oògùn tó dára jù, wọ́n ní kí obìnrin tó lè lóyún fara mọ́ ti àtijọ́. Ọmọ 4 nínú 426! Bí ẹyọ kan bá yẹ̀, ìṣirò ti yí padà. Àwọn agbẹ̀bí Botswana ò dáwọ́ dúró ní tiwọn. Ní 2019, ó di 5 nínú 1,683, ìyẹn 0.30, ọdún náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí dolutegravir fún tọkùnrin tobìnrin. Nígbà tó fi di 2022, iye náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 0.11, kò sì yàtọ̀ sí ti oògùn yòókù mọ́. Àwọn tó ń bá mi jiyàn kì í fẹ́ gbọ́ apá ìkẹyìn yìí.

Ṣùgbọ́n kíkà nìkan lè tan ni jẹ. Àìsàn tó mú ìyá lo oògùn lè jẹ́ òun gan-an ló kan ọmọ. Ní Sweden, ìwádìí 2024 lórí ọmọ 2,480,797 kọ́kọ́ rí àmì díẹ̀ pé paracetamol tí ìyá lò nínú oyún bá àìsàn ọpọlọ bí autism tan. Nígbà tí wọ́n fi ọmọ ìyá kan náà wé ara wọn, àmì náà pòórá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìbẹ̀rù ni òfo: valproate, oògùn wárápá, ń fa àbùkù ara fún nǹkan bí ọmọ 1 nínú 10 tí wọ́n lóyún rẹ̀ nígbà tí ìyá ń lò ó. Kíkà náà ló fi ìyẹn hàn.

Ní ti ilé wa níbí, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin agbẹ̀bí: ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn sí káàdì aboyún, títí kan èyí tó rà ní kẹ́míìsì àti àgbo tó mu nílé. Ẹ kọ oṣù oyún tó lò ó. Ẹ má sì jẹ́ kí fáìlì rẹ̀ sọnù lẹ́yìn tó bá ti bímọ.