Kí Ẹ Tó Kọ́ Rọ́bọ́ọ̀tì, Ẹ Kọ́ Àwókù

  

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Ẹ̀rìn-Ilé tẹ́ ẹ ń jáde nílé-ìwé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, iná mànàmáná àti kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ mi kàn jù. Púpọ̀ nínú yín ń lọ sí Èkó, níbi tí ilé ti ń wó pa èèyàn. Lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fáàjì. Ọwọ́ lásán ni àwọn ará àdúgbò fi ń fa àwọn ọmọdé yọ. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 wó ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí, èèyàn tó lé ní 40 sì kú. Tí dẹ́kìn bá ti wó lé ara wọn, olùdóòlà kì í ráyè wọ ihò abẹ́ wọn, katapílà sì lè pa ẹni tí wọ́n ń wá. Inú irú ihò bẹ́ẹ̀ ni rọ́bọ́ọ̀tì kékeré ti wúlò.

Nígbà tí ilé gogoro méjì wó ní New York lọ́dún 2001, Ọ̀jọ̀gbọ́n Robin Murphy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó rọ́bọ́ọ̀tì lọ síbẹ̀. Wọn ò rí ẹnikẹ́ni yọ láàyè. Síbẹ̀ wọ́n kọ gbogbo ohun tó dènà wọn sílẹ̀, àkọsílẹ̀ yẹn ni mo sì kà sí èrè ibẹ̀. Ìwádìí Murphy tún fi hàn pé ẹni méjì tó jọ ń wo àwòrán kan tí rọ́bọ́ọ̀tì ń fi ránṣẹ́ máa ń rí ju ẹnì kan lọ, àti pé àṣìṣe ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ló sábà máa ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Lọ́dún 2011, lẹ́yìn tí omi òkun ya wọ ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì ní Fukushima, àwọn ará Japan rán rọ́bọ́ọ̀tì Quince wọlé. Ògiri kọnkéré ibẹ̀ ò jẹ́ kí rédíò ṣiṣẹ́ dáadáa, wáyà ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Nínú oṣù Kẹwàá, wáyà náà bà jẹ́, Quince ò sì jáde mọ́. Àwọn tó ṣe é padà sẹ́nu ìdánwò, wọ́n tún ọ̀nà tí wáyà ń gbà ká ṣe, wọ́n sì rán méjì mìíràn wọlé lọ́dún 2012.

Níbo ni wọ́n ti ń ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀? Ẹ fetí sílẹ̀ síbí o, torí ohun tí agbára wa ká ni. Àjọ òṣùwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà, NIST, fi plánkì ṣe àwókù. Wọ́n gé igi sí gígùn oríṣiríṣi, wọ́n tò ó dúró síra wọn, ó di ilẹ̀ gbágungbàgun tí rọ́bọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ gùn. Wọ́n fi bèbí pa mọ́ sínú rẹ̀: òmíràn ń gbóná bí ara èèyàn, òmíràn ń mira, òmíràn ń ké. Irú pápá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe RoboCup Rescue, ìdíje àwọn rọ́bọ́ọ̀tì olùdóòlà, láti ọdún 2001. Káfíńtà wa lè kan án.

Ṣùgbọ́n àwókù tiwọn kọ́ ni tiwa. Tiwa ní bulọ́ọ̀kù tó fọ́ wẹ́wẹ́, irin tó lọ́, ariwo jẹnẹrétọ̀ àti èrò tó ń pariwo orúkọ èèyàn wọn. Rọ́bọ́ọ̀tì tí a ò tíì dán wò nínú irú èyí, mi ò ní fi ẹ̀mí ọmọ ẹnikẹ́ni lé e lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀, bí ilé bá wó nítòsí yín, ẹ jẹ́ kí àwọn olùdóòlà parí iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbàṣẹ, kí ẹ wọn ihò tó kù: báwo ló ṣe fẹ̀ tó, báwo ni dẹ́kìn ṣe nípọn tó, ibo ni irin yọ sí? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tọjọ́tọjọ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sílé. Àwa tó wà ní Ẹ̀rìn-Ilé á wá ilẹ̀ àti plánkì, a ó fi ìwọ̀n yín kọ́ àwókù náà, àwọn àbúrò yín tó ṣì wà nílé-ìwé á sì máa dán ẹ̀rọ wọn wò níbẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín lọ, á ṣọ́ yín bọ̀.