Ọ̀rọ̀ Lórí Ìjókòó Ọkọ̀ Àtijọ́
(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa ní Dagenham)

 Ọ̀rọ̀ ìjókòó ni a bá wá.

Ẹgbẹ́ ní kí a ṣàlàyé ohun tí a ti ń ṣe ní gáréèjì láti ìgbà òtútù. Púpọ̀ nínú yín mọ ọkọ̀ náà: Jaguar XJ6 ti ọdún 1978, èyí tí bàbá wa kan fi gbé ọ̀pọ̀ ìyàwó ẹgbẹ́ yìí lọ sí ibi ìgbéyàwó láìgba kọ́bọ̀. Bàbá ti lọ, ọkọ̀ wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ pín sí méjì. Àwọn kan ní kí a tà á. Àwọn kan ní àfi kí ó gbé ọmọ-ọmọ bàbá lọ sí ìgbéyàwó tirẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló fa àríyànjiyàn, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ìjókòó ni. Awọ ti là, òwú ti jẹrà, fóòmù ń rún jáde bí gàrí. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ bá ní kí wọ́n bó gbogbo rẹ̀ dànù, kí òun fi tuntun bò ó. Iye tó dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tíì bó o. Awọ kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ ti ń fi awọ ewúrẹ́ rán tìmùtìmù, àpò làbà Ṣàngó àti gàárì ẹṣin kí ẹnikẹ́ni tó ronú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ara pòròpórò ọkà bàbà ni wọ́n ti ń rí àró pupa tí wọ́n fi ń kùn ún. Awọ ewúrẹ́ tó ń ti Kánò àti Sókótó la aṣálẹ̀ kọjá dé Mòrókò, orúkọ Mòrókò ni àwọn òyìnbó fi ń rà á.

Ẹ jẹ́ kí a dé orí iṣẹ́. Nínú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ibi tí ara kàn ni wọ́n sábà máa ń fi awọ sí. Ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ìjókòó sábà máa ń jẹ́ vinyl. Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí ọwọ́ yín wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kán omi díẹ̀ sí orí awọ. Bí omi bá dúró bí ìrì lórí ewé kókò, ọ̀dà ojú awọ ṣì wà. Bí awọ bá mu ún, ọ̀dà ti lọ, awọ wà níhòòhò.

Èyí ló mú wa dé orí òrí àti àdí. A mọ̀ pé kò sí ohun tí ilé Yorùbá kì í fi òrí pa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi pa ìjókòó ọkọ̀, ẹ má sì fi pólíìṣì bàtà kùn ún. Níbi tí ọ̀dà bá wà, òróró kò lè wọlé; òkè ni yóò wà, yóò máa gba eruku, yóò sì yí aṣọ funfun ìyàwó dúdú. Níbi tí ọ̀dà bá ti ṣí, òróró yóò wọnú rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀dà tuntun lẹ̀ mọ́ ọn mọ́.

Ọṣẹ tí kò le, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni a fi fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná máa ń mú awọ súnkì. A jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, a fi isopropyl nù ún kí ọ̀rá lè kúrò, a sì fi sáńpépà tó kúná jù lọ ra ojú ibi tó là. Ibi tó ti ya pátápátá, aṣọ pẹlẹbẹ ni a tì bọ abẹ́ rẹ̀, a fi gọ́ọ̀mù tó lè tẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni a tó wá fi ohun ìdíhò bò, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tó kù lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ bá gbẹ. Ọ̀dà ló kẹ́yìn, kànrìnkànrìn ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Abẹ́ ìjókòó, níbi tí oòrùn kò dé rí, ni a ti rí àwọ̀ tí ọkọ̀ náà gbé jáde láti ilé-iṣẹ́. Òun ni a bá mu.

Ìrán ló le jù. Òwú tuntun gbọ́dọ̀ gba inú ihò tí òwú àtijọ́ gbà, nítorí ihò tí a bá tún lu sínú awọ ogbó, ọjọ́ tí ènìyàn bá jókòó ni yóò ya. Ìyá kan láàrin wa, aránṣọ tó ti fẹ̀yìntì, ló gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin. Ó lo abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, ó fi ọwọ́ rán ẹ̀yìn ìjókòó náà ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rò pé ìránṣọ lásán nìyẹn, ẹ fetí sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Ford tó bẹ̀rẹ̀ níbí ní 1931, tó sì ń ṣe odidi ọkọ̀ títí di 2002, ní àwọn obìnrin tó ń rán aṣọ ìjókòó ọkọ̀. Wọ́n ń dán wọn wò lórí máṣìnnì kí wọ́n tó gbà wọ́n, síbẹ̀ ipò B, ti aláìmọṣẹ́, ni wọ́n fi wọ́n sí, owó wọn sì jẹ́ 85 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ọkùnrin ipò B ń gbà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà 1968, obìnrin 187 da máṣìnnì sílẹ̀. Láìsí ìjókòó, ọkọ̀ kò lè jáde. Barbara Castle, mínísítà ọ̀rọ̀ iṣẹ́, dá sí i, owó wọn sì gòkè dé 92. Òfin ọgbọọgba owó iṣẹ́ tẹ̀ lé e ní 1970. Àmọ́ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dìde gan-an, pé kí a kà wọ́n sí oníṣẹ́ ọwọ́, ipò C, 1984 ni wọ́n tó rí i gbà, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì mìíràn. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Ẹ rántí bí ìyá wa bá ń kọ́ yín bí a ṣe ń di kókó òwú.

Ó ku ìjókòó awakọ̀. Ara bàbá ti tẹ ihò síbẹ̀, lápá ọ̀tún níbi tó máa ń gbà wọlé. Àwa fẹ́ fi fóòmù tuntun gbé e dọ́gba pẹ̀lú ìkejì. Ìyá kọ̀, wọ́n ní kí a má pa ojú ibẹ̀ rẹ́. A jókòó sọ ọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ, àwọn tó fẹ́ ta ọkọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ibi tí a fẹnu kò sí ni pé kí a rán ibi tó ya, kí a fọ̀ ọ́, kí a fi ọ̀dà kan ibi tó wà níhòòhò nìkan, kí a fi ihò sílẹ̀ bí ó ti wà. Àkọ́bí, ẹni tó kọ́kọ́ ní kí a tà á, ni yóò wa ìyàwó.

Ìgbápálé ẹ̀yìn ni ó kù báyìí, àti okùn etí ìjókòó méjì. A wà ní gáréèjì ní gbogbo Sátidé láti aago mẹ́wàá. Ẹni tó bá ń bọ̀, kí ó wọ aṣọ tí kò ní dùn ún bí ọ̀dà bá kán sí i.